Ohun Tí Ameenah Kò Fi Sí I

Ẹ má tíì bẹ̀ mí. Àwọn tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú yín ti bẹ̀ mí títí, wọ́n ní kí n fi ṣe osùn kí n fi para. Ó rọrùn lẹ́nu wọn, àwọn kọ́ ni wọ́n ṣe é sí. Ẹ jẹ́ n rò ó tán ná, kí ẹ tó sọ fún mi bóyá inú mi le jù.

Ẹfúnkẹ́mi lorúkọ mi. Abúlé wa wà lẹ́yìn Odeda, àgbẹ̀ ni wá, Ọbàtálá là ń bọ nílé wa, orúkọ mi ti sọ bẹ́ẹ̀. Ameenah ní tiẹ̀, ọmọ Ìtọ̀kú ni nínú Abẹ́òkúta, ọmọ àwọn mùsùlùmí oníṣòwò tó ti ń ta aṣọ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá ẹ̀. Ilé ìwé ló so wá pọ̀. A jọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, a jọ gbé yàrá kan ṣoṣo ní Alábàtà, ìkòkò kan la fi ń dáná. Bó bá fẹ́ kírun, èmi ni mo máa ń gbá ibi tó máa tẹ́ ẹní sí. Bí mo bá lọ sílé ọdún òrìṣà, òun ló máa ń purọ́ fún olùkọ́ pé ara mi ò yá. Ta ló fẹ́ sọ fún mi nígbà yẹn pé kí n ṣọ́ra fún un?

Ẹ̀yin ará ìlú ńlá lè ti gbàgbé àárò. Lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ á wá bá mi roko. Lọ́jọ́ míì, èmi náà á lọ bá wọn ro tiwọn. Kò sówó níbẹ̀. Òfin kan ló wà nínú ẹ̀ ní abúlé wa, kò sì ní àwáwí: bí ẹni tí ẹ jọ ń ṣàárò bá ti kọ ebè ẹ tán, o ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn kó o máa yẹ ebè náà wò. Omi lo máa gbé fún un, wàá sì ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó bá ń yẹ ebè wò ti pe ẹnì kejì ẹ̀ lólè nìyẹn, àárò ti dàrú. Mo mọ àwọn ọkùnrin méjì tí wọn ò kí ara wọn mọ́ títí ọ̀kan fi kú torí irú ẹ̀.

Ameenah wá lo ìsinmi kan lọ́dọ̀ wa, ó sì bá wa kọ ebè. Ọwọ́ ọmọ Ìtọ̀kú! Kí oòrùn tó mú, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ti bó. Màámi fi òrí pa á fún un, ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kẹ́mi, àwa náà á máa ṣàárò." Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí prógíráàmù ẹ̀ bá ta kú, èmi á bá a wá ibi tó ti wọ́. Bí mo bá nílò nǹkan látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun á bá mi gbà á wálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Usamah, bọ̀ọ̀dá ẹ̀, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa. Èmi gan-an ni mo kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń ṣọ́ détà lò: tó o bá ń fi irinṣẹ́ sínú Línúùsì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà wa, o lè sọ fún un pé kó mú kìkì ohun tó pọn dandan, kó fi àwọn tó bá a rìn sílẹ̀.

A kàwé tán, iṣẹ́ ò sí. Mo padà sóko. Apá òsì ara bàbá mi ti kọṣẹ́, orí ẹní ló wà, màámi nìkan ló ń dá oko ro, ẹ̀yìn ẹ̀ sì ti ń tẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá dìde láti ìdí ebè tó fọwọ́ ti ìbàdí, ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́. Ìgbà náà ni mo rí ìkéde kan. Ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Ewékorò, àwọn tó ń ṣe òṣùwọ̀n tí ọkọ̀ àjàgbé akókùúta máa ń gùn kọjá, ń wá ẹni tó máa bá wọn kọ prógíráàmù. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbà. Mo sọ fún màámi pé bí mo bá ríṣẹ́ yìí, kò ní fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́ láyé ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́. Ameenah náà gbọ́. Orí fóònù mi ló ti ka ìkéde náà.

Wọ́n ní kí oníkálukú gbé láptọ́ọ̀pù ara ẹ̀ wá síbi ìdánwò. Íńtánẹ́ẹ̀tì ò ní sí, fóònù ò ní wọlé, àfi ohun tó bá wà nínú ẹ̀rọ ẹ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni láptọ́ọ̀pù mi dákú! Mo sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnkọ̀ǹpútà ṣe ní Pansẹ́kẹ̀. Ó pààrọ̀ dísìkì ẹ̀, ó fi Línúùsì tuntun sí i, ṣùgbọ́n Línúùsì tó gbẹ ni, bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tí wọn ò tíì gbé àga wọ̀. Kò sí kọ̀ǹpáílà níbẹ̀, ìyẹn irinṣẹ́ tó máa ń sọ ohun téèyàn kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Kò sí ìwé ìtọ́nà tó máa ń gbé inú ẹ̀rọ, tó jẹ́ pé bí nǹkan bá rú ẹ lójú, wàá bi í, á sì dá ẹ lóhùn. Ní abúlé wa sì rèé, àfi kéèyàn gun orí àpáta kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì ní tó gba fọ́tò kan wálẹ̀.

Mo pe Ameenah. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Gbé e wá jàre. Kí ni àárò wà fún?"

Mo gbé e lọ sí Ìtọ̀kú. Ìyá ẹ̀ fún mi lóúnjẹ. Ameenah ní kí n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí n lọ sinmi, kí n wá gbé e lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo dé, ó ti dì í sínú báàgì fún mi. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpáílà, ìwé ìtọ́nà, gbogbo ẹ̀ pátá. Lọ gbaṣẹ́ ẹ, ọ̀rẹ́ mi." Ó dì mọ́ mi. Mo délé, mo ṣí i, mo pe kọ̀ǹpáílà náà lórúkọ, gcc, ó jẹ́ mi, ó sọ irú èyí tí òun jẹ́. Ọwọ́ mi fẹ́ kọ prógíráàmù kékeré kan láti fi dán an wò. Ojú ara mi tì mí. Ṣé ebè Ameenah ni mo fẹ́ máa yẹ̀ wò? Mo pa ẹ̀rọ dé, mo lọ bá màámi bó ẹ̀gẹ́.

Gbọ̀ngàn kan nínú ọgbà ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ti ṣe ìdánwò. Eruku funfun bo gbogbo fèrèsé. Mo wọlé, mo ń wá ìjókòó, mo gbójú sókè. Ta ni mo rí níwájú? Ameenah! Ó jókòó kalẹ̀, láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ti wà ní ṣíṣí, fíláàṣì ẹ̀ wà lára ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé mo gbàgbé nǹkan sílé wọn ni, pé ó gbé e wá fún mi. Ẹ wo òmùgọ̀! Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo juwọ́ sí i. Ó wò mí, ó sì yíjú sí ògiri. Ibẹ̀ ni àyà mi ti kọ́kọ́ já, ṣùgbọ́n mo bá ara mi sọ ọ́ pé bóyá ojú ló ń tì í pé òun ò sọ fún mi pé òun náà kọ̀wé béèrè fún iṣẹ́ náà. Ó tọ́ sí i láti wá. Ṣé èmi ni mo ni iṣẹ́ ni?

Ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Láwàlì, pín iṣẹ́ fún wa. Ká kọ prógíráàmù tó máa gba ìwọ̀n ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì máa dá èyí tó bá wúwo jù padà. Ohun tí mo mọ̀ bí ẹní mowó ni. Mo kọ ọ́ kíá, mo ní kí kọ̀ǹpáílà bá mi sọ ọ́ di iṣẹ́. Ó ní òun ò rí stdio.h. Fáìlì tí prógíráàmù ọmọ ilé ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ pàápàá ń lò! Mo rò pé mo ṣì í kọ ni. Mo tún un kọ. Kò sí. Mo pe make, irinṣẹ́ tó máa ń kó iṣẹ́ jọ: kò sí. Mo ní kí n bi ìwé ìtọ́nà léèrè: ó ní kò sí ìwé kankan lọ́dọ̀ òun. Òógùn bò mí. Mo dọ́gbọ́n, mo fọwọ́ ara mi kọ ohun tí fáìlì yẹn ìbá sọ fún kọ̀ǹpáílà, ó gbà á, àmọ́ nígbà tó yẹ kó so gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó ní àwọn ohun tí òun máa fi so ó náà ò sí. Orúkọ kọ̀ǹpáílà lásán ló wà nínú ẹ̀rọ mi, ara ẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Mo nawọ́ sókè. Ọ̀gbẹ́ni Láwàlì wá. "Kí ló dé, àbúrò?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, irinṣẹ́ mi ò pé."

"Àgbẹ̀ á dé oko tán, kó tó máa wá ọkọ́?" Ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Bí ẹnì kan níbí bá ní in lórí fíláàṣì tó sì fẹ́ yá ẹ, mi ò ní bínú. Irinṣẹ́ kì í ṣe ìdáhùn."

Ara mi yá gágá. Mo ní, "Ameenah ní in, sà. Òun ló fi sí i fún mi. Fíláàṣì ẹ̀ rèé."

Ọ̀gbẹ́ni Láwàlì yíjú sí i. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i. Ameenah ò wojú mi. Ó ní, "Mi ò mọ ohun tó ń sọ, sà. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Háà! Èmi! Èmi tí a jọ ń jẹun nínú àwo kan. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n lẹ́yìn lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ibà fẹ́ pa á. Ọ̀gbẹ́ni Láwàlì wò mí bí ẹni tó ń wo onírọ́, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ní àkókò ti tó, prógíráàmù mi wà níwájú mi, ó pé, ó tọ́, kò lè ṣiṣẹ́. Etí mi ń gbọ́ bí Ameenah ṣe ń tẹ bọ́tìnnì níwájú, kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀.

Mo dúró dè é lẹ́nu géètì. Ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, mo di báàgì ẹ̀ mú.

"Ameenah, o ò mọ̀ mí?"

"Kẹ́mi, fi mí sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n wò! Ṣebí àlejò ni mo jẹ́ sí ẹ. Kí ló dé tí o ò fi irinṣẹ́ mi sí i pé?"

"Mi ò yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀rọ ẹ o. Kọ̀ǹpáílà wà níbẹ̀, àbí kò sí?"

"Ìyókù ńkọ́?"

"Mi ò kàn fi sí i ni."

Ẹ gbọ́ ẹjọ́! Kò kàn fi sí i ni. Ó ní kí ẹ̀rọ mú kìkì ohun tó pọn dandan, bí mo ṣe kọ́ ọ gan-an. Ọgbọ́n tí mo fún un ló fi ṣe mí. Mo ní, "Bí mo bá ti dán an wò nílé ńkọ́? Ṣé mi ò ní mọ̀?"

Ó wolẹ̀. "Mo mọ̀ pé o ò ní yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Ká ní ó jà mí lólè ni, ǹ bá gbà pé èṣù ló tì í. Àmọ́ ó jókòó, ó rò ó, ó mọ̀ pé mo fi í sí ipò ẹni tí a kì í yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò, ó sì gba ojú ọ̀nà yẹn wọlé bá mi. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mo rò pé àwọn ẹlòmíì ló ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ wá bú jáde lẹ́nu tiẹ̀ náà. "Láti ọdún àkọ́kọ́, Kẹ́mi ni, Kẹ́mi ni! Bí mo bá bi olùkọ́ ní nǹkan, 'Lọ bi ọ̀rẹ́ ẹ.' Bí irinṣẹ́ ẹ bá pé, ta ló máa wo ibi tí mo jókòó sí? Wọ́n ti rí ọkọ fún mi nílé. Bí mi ò bá ríṣẹ́ báyìí, ìdí aṣọ ni wọ́n máa mú mi jókòó sí títí ayé."

"O ò lè sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ fún ẹ, ṣé wàá dúró sílé?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò ní dúró sílé. Ọkọ̀ dé, ó wọ̀ ọ́, ó lọ. Mo dúró síbẹ̀, eruku àjàgbé ń bò mí, mo ń sunkún bí ọmọdé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú un. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé, "Má bínú, Ọlọ́run máa ṣe tìẹ náà." Aṣenibánidárò!

Ohun tí mo sọ fún màámi kò ju pé wọn ò mú mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ rò fún un pé ọmọ tó fi òrí pa lọ́wọ́ ló dà mí? Màámi ní kò burú, kí orí mi má sùn. Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀ títí ó fi wọ igbó.

Ó tó oṣù kan sígbà yẹn, lọ́sàn-án Sátidé kan, a ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé, mo gbọ́ ọ̀kadà. Ameenah ló sọ̀ kalẹ̀, ó gbé búrẹ́dì ńlá méjì dání, báàgì kọ́ ọ léjìká. Ó kúnlẹ̀ ní orúnkún méjèèjì. "Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Màámi fò sókè. "Ọmọ mi! Ọmọ Ìtọ̀kú! Ó ti pẹ́ jù!" Ó bi í léèrè àwọn ará ilé, ó bi í léèrè iṣẹ́. Ameenah ní òun ti ríṣẹ́, ní ọ̀nà Ewékorò. Màámi wò mí, inú ẹ̀ sì dùn dénú. "Ṣé ibi tí Kẹ́mi náà lọ nìyẹn? Òrìṣà ṣeun! Bó ṣe jẹ́ tìẹ yẹn, kò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a ò mọ̀." Díẹ̀ ló kù kí n gé ara mi lọ́wọ́. Ọ̀bẹ ni mo kàn sọ sílẹ̀.

Ameenah yọ kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde nínú báàgì. "Kẹ́mi, ẹ̀rọ orí òṣùwọ̀n nìyí. Kò gbọdọ̀ fojú kan íńtánẹ́ẹ̀tì láéláé, kò sì sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ọwọ́ lèèyàn máa fi to irinṣẹ́ wọ inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àtìwé ìtọ́nà. Bí mo bá fi èyí sí i, á ní ó ku tọ̀hún. Mo ti ṣe é títí. Bó bá di ọjọ́ Ajé tí kò pé, wọ́n máa lé mi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kẹ́mi, jọ̀ọ́. Àárò wa."

Ẹnu ẹ̀ gbà á láti pe àárò! Mo fẹ́ dìde kí n ṣí gbogbo ẹ̀ síta. Màámi ti ń gbá mi ní èjìká. "Kí lò ń wò? Ọmọ yìí fi ọwọ́ bíbó kọ ebè fún wa. Dìde, bá a ṣe é."

Mo gbé e sórí ẹní. Dísìkì tó kó irinṣẹ́ sí kún fọ́fọ́, gbogbo ohun tí mo wá lójú méjèèjì lọ́jọ́ ìdánwò ló wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n wọlé, èyí tó ń di èkejì mú kọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tó gùn lé e. Ẹ jẹ́ n má purọ́ fún yín, ọwọ́ mi yún mi. Mo lè fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀. Bó bá pe kọ̀ǹpáílà lórúkọ, á jẹ́ ẹ, bó bá dórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ Ajé, ojú á tì í bó ṣe tì mí. Ṣùgbọ́n aláṣọ àlà là ń bọ nílé wa, mi ò lè fọwọ́ ara mi ta epo sí i. Mo fi gbogbo ẹ̀ sí i. Kọ̀ǹpáílà, àwọn fáìlì tó ń bá a rìn, make, ìwé ìtọ́nà láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Mo tì í sọ́dọ̀ Ameenah. "Ó ti parí."

Màámi ti bu omi wá. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ameenah ò gba omi náà kó gbé e fún mi. Ó fa ẹ̀rọ náà mọ́ra, ó pe kọ̀ǹpáílà. Ó jẹ́ ẹ. Kò dúró níbẹ̀. Ó kọ prógíráàmù kékeré kan, ó dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Ó pe make. Ó ṣí ìwé ìtọ́nà, ó wo èyí, ó wo tọ̀hún, ó tún padà sí èyí tó ti wò. Ó wá inú fóldà tí stdio.h wà, ó ka àwọn fáìlì ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òógùn ń kán sílẹ̀ nímú ẹ̀. Màámi dúró pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́.

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, màámi."

"Ó ń yẹ kí ni wò?"

"Iṣẹ́ tí mo ṣe fún un."

Màámi ò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní àárò? Ó wo Ameenah títí. Ó ní, "Ameenah, ṣé Kẹ́mi ti ba oko ẹ jẹ́ rí ni?"

Ọwọ́ Ameenah dúró. "Rárá, mà."

"Kí lò ń wá nígbà náà?"

Omijé ló kàn ń bọ́ lójú Ameenah. Màámi yíjú sí mi, ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Kẹ́mi. Ẹ̀rọ tó o gbé lọ síbi ìdánwò ọjọ́sí. Ta ló bá ẹ tún un ṣe?"

"Òun ni, mà."

Màámi ò bú u. Ó da omi inú ife náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Ó wọlé, ó gbé ọkọ́, ó gba ọ̀nà oko lọ nínú oòrùn ọ̀sán yẹn, ó fọwọ́ kan ti ìbàdí. Mo ní kí Ameenah gbé ẹ̀rọ ẹ̀, kó máa lọ, irinṣẹ́ inú ẹ̀ ti pé.